Ṣé O Gba Ọmọ Rẹ Gbọ́?

Kíkà: Òwe 20:17

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àṣírí ńlá kan tú ní Amẹ́ríkà. Àwọn òbí olówó ti ń san owó fún William Singer kí àwọn ọmọ wọn lè wọ yunifásítì ńláńlá. Àwọn kan nínú wọn ní ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni tí owó rẹ̀ ga fíofío, síbẹ̀ ọkàn wọn kò balẹ̀.

Òṣèré Felicity Huffman san 15,000 dọ́là kí wọ́n lè tún ìdáhùn ìdánwò ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe. Ilé-ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 14. Nínú lẹ́tà tó kọ sí adájọ́, ó ní ọmọ náà fi omijé bi òun ìdí tí òun kò fi gbà pé ó lè dá a ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè yìí wúwo ju ẹ̀wọ̀n lọ! Bí o bá ra èsì fún ọmọ, ohun tí ò ń sọ fún un ni pé òun fúnra rẹ̀ kò tó. Bí èsì rẹ̀ kò bá rí bí o ti fẹ́, má fi ọmọ ẹlòmíràn bú u. Jókòó tì í, bi í ní ohun tó ṣòro fún un, kí ó sì tún gbìyànjú. Ọ̀nà òtítọ́ lè pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní fi òkúta sí ọ lẹ́nu.

Àdúrà: Baba, gbà mí lọ́wọ́ èrú nítorí ọmọ. Kọ́ mi láti dúró ti àwọn ọmọ mi, bí èsì dára, bí kò dára, ní orúkọ Jésù. Àmín.