Okùn Mẹ́wàá: Bí Mo Ṣe Ń Fi Yíya Òdòdó àti Ẹyẹ Jẹun

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé mo máa ń fi wọ́tàkọ́lọ̀ ya òdòdó inú igbó, ẹyẹ àti kòkòrò sórí bébà. Bàbá mi ṣì máa ń bi mí pé, "Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?" Mi ò lè bá wọn jà. Owó àkọ́kọ́ tó yẹ kí n gbà nídìí ẹ̀, mi ò rí i gbà, àfọwọ́fà mi sì ni.

Olùwádìí kan ló ní kí n ya Pride of Barbados fún òun, òdòdó pupa tó lámì ìyeyè tí ọ̀pọ̀ yín ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé. Mo yà á, ó dán gbinrin. Ó wò ó títí, ó ní, "Okùn mélòó lo kà?" Àwọn okùn pupa gígùn tó yọ síta láàárín òdòdó náà ló ń sọ, àwọn tí lẹ́búlẹ́bú akọ máa ń wà lórí wọn. Mẹ́jọ ni mo yà. Mẹ́wàá ni wọ́n. Ara ohun tí onímọ̀ ewéko fi ń dá òdòdó mọ̀ nìyẹn, mo sì ti fi méjì jẹ.

Mo ní kí n tún un ṣe, kò ṣe é tún ṣe. Wọ́tàkọ́lọ̀ jẹ́ àwọ̀ lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ oje igi akéṣíà, irú oje tí wọ́n ń kó jọ lókè Ọya wa níbí. Tí ẹ bá fi omi tú u, tó wá gbẹ, á fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ á gba inú ẹ̀ kọjá, á kan bébà funfun lábẹ́, á sì padà wá bá ojú wa. Bébà yẹn gan-an ló ń tàn. Ọ̀dà kàn ń dá apá kan ìmọ́lẹ̀ náà dúró ni. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ti orí àwọ̀ fífẹ́lẹ́ lọ sí dúdú, tá ò sì ní kun ibi tó yẹ kó funfun rárá. Ọ̀dà ògiri lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, èyí ò bo nǹkan kan. Torí náà, mo máa ń kọ́kọ́ kà, mo máa ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo máa ń fi pẹ́ńsù yà á, kí n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọmi.

Ìgbà tí mo ń wá ẹni tó ti ya òdòdó yìí rí ni mo bá Maria Sibylla Merian pàdé. Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1647. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú ẹrẹ̀ ni kòkòrò ti ń hù jáde. Obìnrin yìí ń sìn wọ́n nílé, ó ń ya ẹyin, ìdin àti labalábá pọ̀ sórí ewé tí wọ́n ń jẹ gan-an. Ní 1699, ó ta ọ̀pọ̀ àwòrán ẹ̀ kó lè rówó ọkọ̀, òun àtọmọ ẹ̀ obìnrin bá wọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 52 ni o! Àìsàn ló dá a padà ní 1701. Ní 1705, ó gbé ìwé jáde, àwòrán 60, Pride of Barbados sì wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ẹrú obìnrin ló sọ fóun pé àwọn ń fi hóró ẹ̀ ṣẹ́ oyún, kọ́mọ àwọn má bàa dẹrú. Mi ò lè wo òdòdó náà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ ó ní kámẹ́rà ti wà. Kámẹ́rà á mú ohun tó wà lójú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi lè ya òdòdó, pódì tútù àti hóró tó gbó sójú bébà kan ṣoṣo. Ní ti owó, àwọn olùwádìí ò pọ̀ tó. Merian kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní yíya àwòrán, ó tún ń ta ọ̀dà. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sátidé, mo sì ń ta ẹ̀dà àwòrán. Ògidì ẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, torí oòrùn máa ń jẹ́ kí àwọ̀ míì ṣá.

Mo tún Pride of Barbados yà lórí bébà tuntun. Olùwádìí náà sanwó. Mo gbé ẹ̀dà kan lọ fún bàbá mi, mo sì sọ ìtàn okùn fún wọn. Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.