Àbúrò Mi, Tètè Bá Dádì Sọ Ọ̀rọ̀ Owó Yẹn

Àbúrò mi, mo mọ ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn. O ti rí iye tí iléèwé tó wù ọ́ ń gbà lọ́dún, ó lé ní $80,000, o sì yára pa kọ̀ǹpútà dé kí Mọ́mì má baà rí i. Jọ̀ọ́, ṣí i padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn ń tọ́jú arúgbó tàbí tí wọ́n ń wa Uber ní Houston àti Maryland kì í san iye tí wọ́n kọ síta yẹn.

Nínú àwọn iléèwé tó ṣòro wọ̀ jù lọ la ti ń rí àwọn tó lówó jù láti fi ran ọmọ lọ́wọ́. Láti 2001 ni Princeton ti yọ ẹ̀yáwó kúrò nínú ìrànwọ́ tirẹ̀. Ní Harvard, láti 2025, ẹbí tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju $100,000 lọ, tí dúkìá wọn kò sì pọ̀ jù, kì í san kọ́bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí yunifásítì ìpínlẹ̀ yín wá ná yín lówó ju Harvard lọ. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di dandan pé kí iléèwé kọ̀ọ̀kan gbé net price calculator sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí o ti lè ṣírò iye tí ẹbí yín gan-an máa san. Lò ó kí o tó yọ orúkọ iléèwé kankan kúrò.

Àmọ́ kò ṣeé lò láìkọ iye tó ń wọlé fún Dádì síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Nílé tiwa, ọmọ kì í béèrè iye owó oṣù bàbá rẹ̀. Dádì lè ní, "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ìwé ni kí o kà." Má bínú sí wọn. Ẹni tó ti ń dá gbé ẹrù ẹbí láti ọjọ́ yìí wá kì í fẹ́ kí ọmọ mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Má bá wọn sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Kọ́kọ́ fi tó Mọ́mì létí. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí wọ́n bá ti jẹun, kúnlẹ̀, kí o ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, fọ́ọ̀mù kan wà tí mi ò lè dá kọ." Gbé FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ti ìjọba àpapọ̀, síwájú wọn. Òbí tí fọ́ọ̀mù náà bá pè máa ṣí àkáǹtì tirẹ̀ ní StudentAid.gov, yóò sì gbà kí IRS, àwọn tó ń gba owó-orí, fi àkọsílẹ̀ owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́. Òbí tí kò ní nọ́ńbà Social Security pàápàá lè ṣí i. Bí wọn ò bá gbà, o ò ní rí Pell Grant tàbí owó ìjọba àpapọ̀ kankan. Sọ fún Dádì pé ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, ìwọ ò ní rí i. Mo rò pé gbólóhùn yẹn á fi ọkàn wọn balẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ilé tí Dádì ń kọ́ n'Íbàdàn ńkọ́? FAFSA kì í ka ilé tí ẹ ń gbé, ṣùgbọ́n ó ń ka ilé mìíràn, ì báà jẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀, àmọ́ iye tí wọ́n lè ta ilé tí kò tíì ní òrùlé lónìí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí Dádì ń retí pé yóò jẹ́. Owó tó wà ní báńkì lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni wọ́n tún ń kà, nítorí náà bí Mọ́mì bá fẹ́ kó àjọ, ẹ wo ọjọ́ dáadáa. Owó oògùn Màmá Àgbà àti owó iléèwé àwọn ọmọ Àǹtí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé, FAFSA kò bìkítà fún un. CSS Profile, fọ́ọ̀mù mìíràn tí ọ̀pọ̀ iléèwé àdáni ń béèrè, ní ibi tí èèyàn ti lè ṣàlàyé. Ẹ kọ ẹni tí ẹ ń fún, iye tó jẹ́ lóṣù, àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹbí tí owó wọn kò ju $100,000 lọ kì í sanwó fún CSS.

Bí o bá fẹ́ wọlé lọ́dún 2026, owó-orí 2024 ni wọ́n ń wò. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì lẹ́yìn ìgbà náà, kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó, kí o fi ẹ̀rí sí i. Wọ́n láṣẹ láti tún un wò.

Dádì á tún máa sọ pé, "Ọmọ mi mọ̀wé, wọ́n á fún un ní sikọ́láṣíìpù." Fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé àwọn iléèwé Ivy League kì í fúnni lówó nítorí ọpọlọ pípé. Bí ẹbí bá ṣe nílò rẹ̀ tó ni wọ́n ń wò. Èyí tí wọ́n ń fún olórí pípé wà níbòmíràn, bíi Banneker/Key ní University of Maryland. Fi irú iléèwé bẹ́ẹ̀ kún àwọn tí o fẹ́ kọ̀wé sí.

Early Decision? Bí owó bá jẹ́ ìṣòro yín, èmi ò ní gbà ọ́ níyànjú pé kí o lò ó. Bí wọ́n bá gbà ọ́, o ti ṣèlérí pé ibẹ̀ ni wàá lọ. Lóòótọ́, o lè kọ̀ bí ìrànwọ́ wọn ò bá tó, ṣùgbọ́n o ò ní rí lẹ́tà ibòmíràn fi wé e.

Nígbà tí lẹ́tà bá dé, má jẹ́ kí àpapọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé mú orí rẹ wú. Mú bírò pupa, fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó bá jẹ́ loan. Work-study náà kò tíì sí lọ́wọ́, iṣẹ́ lo máa ṣe kí o tó gbà á. Ohun tó bá kù ni ìrànwọ́. Bí iléèwé mìíràn bá fún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi lẹ́tà wọn ránṣẹ́ sí èyí tó wù ọ́, kí o béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá wọ́n lè fi kún un. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn ń retí èsì rẹ. Pè mí ṣáájú ọjọ́ náà, kódà bó jẹ́ ní òru, ká jọ ka àwọn lẹ́tà náà.