Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Wa: Bí A Ó Ti Máa Pe Ọmọnìkejì Wa

Bíbélì kíkà: Jákọ́bù 3:1–12, Éfésù 4:15–32.

Ìdí ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí a ti ń sọ òtítọ́ láì fi ahọ́n ṣá ẹlòmíràn lọ́gbẹ́.

Ẹ̀yin arábìnrin wa nínú Olúwa, ní ìpàdé wa kan ní Òtò, ìyá kan gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù wá. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ náà, tí a bí ní ọkùnrin, ní obìnrin ni kí wọ́n máa pe òun. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà. Bí ó bá sọ ohun tí ó gbàgbọ́, ṣé iṣẹ́ kò ní bọ́? Bí ó bá dákẹ́, ṣé kò sẹ́ Olúwa? Ohùn wa kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

1. Èdè wa. Ní Yorùbá, "ó" kan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin. Ipò àgbà ni àwa fi ń ya "ìwọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ̀yin". Àní àbúrò ọkọ wa obìnrin, "ọkọ mi" ni à ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1997. Èyí kò sọ pé àwọn baba wa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tí ó bá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" mọ ìjà tí ọ̀rọ̀ kékeré lè dá sílẹ̀.

2. Òfin. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 39, fún wa ní òmìnira láti sọ èrò wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gba Maya Forstater síṣẹ́ mọ́ nítorí ó ní akọ kò lè di abo. Ó pàdánù ẹjọ́ ní 2019, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2021 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin dáàbò bo ìgbàgbọ́ rẹ̀. Wọ́n fi kún un pé èyí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa yọ ẹlòmíràn lẹ́nu.

3. Ìjọ. Ní òpin 2023, Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ènìyàn rẹ̀ nímọ̀ràn kí wọ́n ṣọ́ra bí wọ́n ti ń lo "ọkọ" àti "aya", torí kì í ṣe gbogbo ilé ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Àwa náà kò ní pa ọ̀rọ̀ méjèèjì tì. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn opó àárín wa bí ó ti ń rí lára wọn nígbà tí a bá ní, "Kí olúkúlùkù mú ọkọ rẹ̀ wá."

4. Ohun tí a ó ṣe. A gba ọmọ náà nímọ̀ràn pé kí ó di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú, kí ó dáhùn pẹ̀lẹ́ bí a bá bi í, kí ó sì máa fi orúkọ pe ẹni náà. Orúkọ kì í ṣe irọ́. Kí ó má sì bá wọn fi í ṣẹ̀sín. Bákan náà ni fún wa: bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń hó lé ọmọkùnrin kan pé ó ń ṣe bí obìnrin, kí a dá wọn lẹ́kun. Òmìnira ọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìbéèrè:
(a) Ta ni a ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa lé kúrò nínú ìjọ?
(b) Nígbà wo ni dídákẹ́ jẹ́ ọgbọ́n, nígbà wo ni ó jẹ́ ojo?

Àdúrà: Olúwa, fi ìṣọ́ sí ẹnu wa, má sì jẹ́ kí òtítọ́ wọ́n lẹ́nu wa. Àmín.