Ẹ Mọ Ibi Tí Omi Wà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ní ọkọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń gbé rìn lórí ọ̀sà Èkó, yálà ẹ ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, ẹ fetí sí mi. Omi ìta kọ́ ló sábà ń ba irú ọkọ̀ yìí jẹ́. Omi inú rẹ̀ ni, èyí tí ẹni tó ni ọkọ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Ó ń gba fáàfù ìdí ọkọ̀ wọlé, ó ń gba inú asẹ́ kọjá, rọ́bà tó ń yí nínú páǹpù ń fà á, á sì bá èéfín jáde lẹ́yìn. Kí ẹ tó tú okùn, ẹ wo ibi tí èéfín ń gbà jáde. Bí omi kò bá bá a jáde, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Nígbà òjò, koríko olódòdó àlùkò tó gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọ Àgbádárìgì ní 1984 máa ń bo ojú ọ̀sà, ó sì máa ń dí asẹ́. Ẹ máa ṣí asẹ́ náà wò lójoojúmọ́ lásìkò yẹn. Ẹ máa pààrọ̀ rọ́bà páǹpù lọ́dọọdún. Bí ègé kan bá já lára rẹ̀, ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i, torí ó lè lọ dí ọ̀nà omi níwájú.

Lẹ́yìn náà ni omi inú epo. Dísẹ́ẹ̀lì fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ táǹkì ni omi ń wà. Kòkòrò tí ojú kò rí máa ń pọ̀ sí i níbi tí omi àti epo ti pàdé. Ọjọ́ tí ìgbì bá ru táǹkì sókè gan-an ni ìdọ̀tí wọn máa ń dí fílítà. Ẹ máa tú omi ìdí fílítà dànù kí ẹ tó gbéra. Ẹ yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò pẹ̀lú: bó bá rí bí ògì bàbà, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì mọ́, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Níbi tí ọ̀pá pùròpẹ́là ti jáde, bó bá jẹ́ okùn ni wọ́n fi dí i, ó yẹ kí omi máa kán díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀pá bá ń yí. Bó bá gbẹ pátápátá, ọ̀pá á gbóná; bó bá ń ṣàn, ẹ tún un ṣe. Ẹ nu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó gbẹ, kí omi tuntun má bàa rí ibi fara pamọ́ sí. Ẹ máa fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù tó ń tan páǹpù ibẹ̀ sókè, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ so èdídí igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ti fáàfù bí ẹ bá ń lọ sílé.

Lẹ́ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ ọ̀sà, iyọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Irin kékeré tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ kí iyọ̀ lè kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ló ń gba pùròpẹ́là là. Alumíníọ̀mù ni kí ẹ lò fún un, torí síǹkì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí òjò bá ti sọ omi ọ̀sà di aláìníyọ̀. Bí iyọ̀ bá ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì bá omi du eré. Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá dípò kó gun orí rẹ̀, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 36 níbi tó ti kan omi kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá nóòtì 8. Epo lásán ni ẹ ń jó bí ẹ bá fi dandan lé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ máa kọ wákàtí ẹ́ńjìnnì àti gbogbo àtúnṣe sínú ìwé kan tí kì í kúrò nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ yín ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ pákó tó ń tẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.