Dátà Ilé Ti Gbówó Lórí

Ìbéèrè: Abúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn là ń gbé, ráútà onísíìmù la sì fi ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Owó rẹ̀ ti lọ sókè, dátà kì í sì í lo oṣù mọ́. Kí la lè ṣe? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, Mà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, àmọ́ kó má ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí ni pé dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé òpó wọn ṣiṣẹ́ ti wọ́n gógó nígbà náà, dọ́là tí wọ́n fi ń ra irinṣẹ́ wọn sì ti ga.

Ẹ kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi yín padà, torí aládùúgbò lè máa bá yín lò ó. Ẹ pa fídíò tó ń dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ. Ẹ tẹ *312# láti wo dátà mìíràn tó lè bá àpò yín mu, kí ẹ sì máa fi *323# yẹ èyí tó kù wò.

Bí dátà bá ń dín kù nígbà tí ráútà wà ní pípa, ẹ fi ẹjọ́ sun iléeṣẹ́ náà, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ má ṣe jẹ́ kó sú yín.