Ẹ̀dá Tí A Kò Sọ Lórúkọ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn òbí. Ẹ kà: Orin Dafidi 138:8; Isaiah 49:15.

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé láti inú sinimá ni a ti mú ẹ̀kọ́ yìí. Frankenstein ni, sinimá dúdú òun funfun tí James Whale darí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1931, láti inú ìtàn tí Mary Shelley tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1818. Nígbà tí a tún un wò nínú ilé láìpẹ́ yìí, ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù tẹ́lẹ̀ kọ́ ni ó bà wá lẹ́rù mọ́.

Ọ̀mọ̀wé kan, Henry Frankenstein, kó ẹ̀yà ara òkú jọ, ó rán wọn pọ̀, ó sì fi agbára mànàmáná sọ ọ́ di alààyè. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ara rẹ̀ wé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹ̀dá náà lórúkọ. Bí ọmọ tiwa bá pé ọjọ́ mẹ́jọ, ó ti ní orúkọ. Èyí kò ní rárá títí ìtàn fi parí. Àwọn tí ń pè é ní Frankenstein ṣì í pè, orúkọ ẹni tí ó ṣe é ni. Níbi tí a kọ orúkọ àwọn òṣèré sí ní ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, àmì ìbéèrè ni a fi sí ipò Boris Karloff tí ó ṣe é.

Nígbà tí ẹ̀dá náà kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ láti òkè ilé, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n sì pa òkè ilé náà dé. Ìránṣẹ́ ilé ń nà án ní pàṣán, ó ń fi iná ògùṣọ̀ dẹ́rù bà á; ẹni tí ó ṣe é rí i, ó ní kí ó fi í sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin kékeré kan, Maria, ni kò sá fún un. Létí omi, ó fún un ní òdòdó, àwọn méjèèjì sì ń jù ú sómi kí ó máa léfòó. Nígbà tí òdòdó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọmọ náà jù sínú omi bí ẹni pé òun náà yóò léfòó. Ọmọ náà kú. Ìdààmú bá a, ó sá lọ. Nígbà tí wọ́n tún gbé sinimá náà jáde ní ìparí àwọn ọdún 1930, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, ó wá dúró níbi tí ó ti na ọwọ́ sí ọmọ náà, èrò àwọn tí ń wò ó sì lọ sí ohun tí ó burú ju èyí lọ. Ìgbà tí ó di àwọn ọdún 1980 ni a tó dá a padà.

Sinimá náà fẹ́ kí á gbà pé ọpọlọ ọ̀daràn tí a fi sí i lórí ni ó fa gbogbo rẹ̀. Àwa kò gbà. Ta ni ó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ náà máa ń sọ. A fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé, à ń fi owó ránṣẹ́ ní ìparí oṣù, a sì dé ní ọdún Kérésì, a ní, "Orí líle ni ọmọ yìí gbé wáyé."

Nítorí náà, nígbà tí a bá pàdé, kí olúkúlùkù mú orúkọ ọmọ rẹ̀ tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ wá nínú ìwé, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.