Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Sin Ẹran: Oògùn Tí Ń Mú Ẹran Tòògbé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra màlúù, àgbò tàbí ewúrẹ́ sìn. Bí ẹran bá kú, gbèsè kì í bá a kú. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ wa ní àkókò yìí ṣe dá lórí oògùn kan tí ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó lè pa ẹran bí a bá ṣì í lò. Xylazine ni orúkọ rẹ̀.

KÍ NI OÒGÙN YÌÍ?

Ilé-iṣẹ́ Bayer ní ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 1962. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń fún ẹran. Kì í wo àrùn kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ẹran tòògbé, láti mú kí ara rẹ̀ rọ̀, àti láti dín ìrora kù fún ìgbà díẹ̀, kí dókítà ẹran lè rán ojú ọgbẹ́, kí ó gé ìwo, tàbí kí ó tún pátákò ṣe láìsí ìjàkadì.

Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí a ń pè ní noradrenaline. Òun ni ó ń mú kí ojú ẹran dá, kí ara rẹ̀ sì wà ní ìmúrasílẹ̀. Xylazine a máa dín bí èròjà yìí ṣe ń tú jáde kù. Oorun á kun ẹran, orí rẹ̀ á tẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀: ọkàn á máa lù díẹ̀díẹ̀, mímí á dínkù, itọ́ á máa dà, ṣàkì tí ń lọ oúnjẹ á sì dẹwọ́ iṣẹ́.

ÌWỌ̀N NI KÓKÓ Ọ̀RỌ̀

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìwọ̀n ẹṣin kì í ṣe ìwọ̀n màlúù. Ara àwọn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ, ìyẹn màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, kò gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí a ń fún ẹṣin ti tó màlúù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìgò kan wà tí mílígíráàmù 20 wà nínú mílílítà kan rẹ̀. Bí dókítà bá fún màlúù oníkílò 200 ní mílígíráàmù 0.1 fún kílò kọ̀ọ̀kan, mílígíráàmù 20 ni àpapọ̀ rẹ̀: mílílítà kan péré. Ewúrẹ́ oníkílò 20 ńkọ́, ní 0.05 fún kílò kan? Mílígíráàmù kan ṣoṣo ni. Ìdá kan nínú ogún mílílítà nìyẹn, bí ẹ̀kán omi kan. Ẹni tí ó bá fún ewúrẹ́ yìí ní mílílítà kan ti fún un ní ìlọ́po ogún. Ìgò mìíràn tún wà tí mílígíráàmù 100 wà nínú mílílítà kan. Ẹni tí ó bá ṣi ìgò mú ti fi ìlọ́po márùn-ún fún ẹran rẹ̀.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢE

1. Kí dókítà ẹran ni yóò wọn oògùn. Kí ó ní oògùn tí ń jí ẹran padà lọ́wọ́, bíi yohimbine tàbí tolazoline.

2. Bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, kí màlúù tí ó ti dàgbà má jẹun fún wákàtí 12 ṣáájú. Inú rẹ̀ lè wú, oúnjẹ sì lè padà wá sí ọ̀fun kí ó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

3. Ẹ má pariwo, ẹ má sì lé ẹran kiri. Oògùn kì í tètè mú ẹran tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí kò bá tíì tòògbé, ẹ má ṣe dá fi kún un.

4. Ẹ fi ẹran sí ibòji. Kí ó fi àyà lélẹ̀, kí ó má fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Kí imú rẹ̀ sì kọ ilẹ̀, kí itọ́ lè máa dà síta.

5. Bí màlúù bá wà nínú oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn oyún, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn yìí a máa fún ilé ọmọ pọ̀, oyún sì lè bàjẹ́.

6. Omi lè dà sínú ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn, bí ìwọ̀n oògùn tilẹ̀ tọ́. Ẹ máa wo bí ó ṣe ń mí títí yóò fi dìde.

7. Ẹ bi dókítà ní iye ọjọ́ tí a ó dúró kí a tó pa ẹran náà tàbí kí a tó mu wàrà rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

EWU FÚN ÈNÌYÀN

Oògùn yìí kì í ṣe fún ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń ta oògùn olóró ń pò ó mọ́ fentanyl. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ìjọba ibẹ̀ kéde àdàlù náà ní ewu tuntun fún orílẹ̀-èdè wọn. Naloxone tí wọ́n fi ń jí ẹni tí fentanyl dá dùbúlẹ̀ kò lágbára lórí xylazine. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí ẹnìkan sì gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ìgò náà dání. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ fúnra yín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fún màlúù ní ìwọ̀n ẹṣin?

2. Àgbò oníkílò 40, ní mílígíráàmù 0.05 fún kílò kan: mélòó ni yóò gbà láti inú ìgò mílígíráàmù 20? (Ìdáhùn: mílígíráàmù 2, ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà.)

3. Ṣé ẹgbẹ́ wa lè dáwó jọ láti máa san owó dókítà ẹran kan fún gbogbo wa?